Ọjọ́ tí Mo Kírun ní Kíláàsì Àwọn Àgùdà

Yàqúb Àkànní, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn mi kò kán,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run bá ọ gbé ní Niamey, kí ó ṣọ́ Bàrákàt ìyàwó rẹ àti Ìlhàm ọmọ yín. Ṣé ọjà ń lọ? Ṣé ooru ìlú yín ti rọ̀ díẹ̀? Àwa nílé wà dáadáa. Òjò ti ń rọ̀ déédéé, àgbàdo ti yọ orí, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ó sì jẹ fìlà Àfáà Nùrẹ́nì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti dárí jì í.

Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, tí mo ní Àfáà rán mi kí n mú Ìlhàm wálé, nítorí wọ́n gbọ́ pé líséè àwọn Àgùdà, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, lo fi í sí, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àwọn Àgùdà yóò ri ọmọ náà bọmi sínú ẹ̀sìn wọn kí a tó mọ̀, o ò bá mi jà, o kàn di ẹrù rẹ, o gba Agadez lọ. Kí o tó dé, mo ti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bàrákàt ránṣẹ́ pé o ń béèrè ohun tó yí mi lọ́kàn padà. Gbọ́ ọ.

Mo ní kí Ìlhàm mú mi lọ kí n fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. A wọ takisí ní Zongo, a gba orí afárá kọjá sí Harobanda ní òdìkejì odò, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Obìnrin kan tó fi ìbòrí bo orí dé èjìká pàdé wa lẹ́nu géètì, mo kí i ní Àlhájà, mo bi í léèrè ọdún tó lọ Mẹ́kà. Ìlhàm ní kì í ṣe Àlhájà, Màsẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, pé arábìnrin mi ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé. Mo ní arábìnrin ta ni? Ó ní ti gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí, Àkànní. Ẹbí tèmi nìkan ti tó mi í gbé, ẹnìkan wá ń bá gbogbo ayé tan! Nígbà tí mo gbọ́ pé kò lọ́kọ, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ọkọ rere kí ọdún tó yí po. Ìlhàm ní Yorùbá òun kò dé ibẹ̀, kò túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màsẹ́ẹ̀ ti ṣe àmín.

Wọ́n fi mí jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti oríṣiríṣi ẹ̀sìn ló kàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí tábìlì, ó da ìmọ́lẹ̀ sára ògiri, lójijì ògiri di Káábà, àwọn ènìyàn sì ń yí i po. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àlùwàlá ṣì wà lára mi, mo bọ́ bàtà, mo kọjú sí ògiri, mo kábàárà, mo bẹ̀rẹ̀ ìrun. Ìlhàm sáré wá, ó ní Màmá àgbà, àwòrán ni o, apá fèrèsé ni Mẹ́kà wà. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Àwọn ọmọ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, Màsẹ́ẹ̀ gbé ọwọ́ kan sókè, kẹ́kẹ́ pa. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àwọn bẹ́ǹṣì sẹ́yìn, ó tẹ́ aṣọ tábìlì rẹ̀ síhà fèrèsé fún mi, ó sì dúró bí ẹ̀ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má kọjá níwájú mi títí mo fi kírun tán.

Lẹ́yìn náà ó sọ ìtàn Mọ́ríámọ̀, ìyá Ànábì Ísà, bí kò ṣe rí ilé wọ̀ tó fi bímọ láàárín ẹran ọ̀sìn. Ó wá ní kí Ìlhàm sọ bó ṣe wà lọ́dọ̀ tiwa. Yàqúb, ọmọ rẹ dìde, ó ké Àlùkùránì, ó ké ibi tí ìrọbí ti lé Mọ́ríámọ̀ dé ìdí igi dàbínù, tí kò sí agbẹ̀bí. Màsẹ́ẹ̀ dìde dúró. Gbogbo kíláàsì dìde. Omi bọ́ lójú mi, nítorí ìdí igi òrí kan lójú ọ̀nà oko ni mo bí ìwọ náà sí, èmi nìkan, n kò sọ fún ọ rí. Mo ní kí Ìlhàm sọ fún wọn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Màsẹ́ẹ̀ wá di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo délé, Àfáà pe ẹbí jọ, wọ́n ní ọmọ dà? N kò jiyàn. Mo tẹ fóònù tí Ìlhàm ti ké ibi Àlùkùránì náà sí fún mi kí n tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Wọ́n ní ta ló kọ́ ọ? Mo ní ilé kéwú tó ń lọ ní àdúgbò Boukoki ní Niamey ló kọ́ ọ, àwọn Àgùdà ló dìde fún un. Àfáà wá ní kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Àlùkùránì ti wọ inú fóònù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìṣe àlùwàlá, a ò sì gbọdọ̀ fi sọ̀rọ̀ ayé mọ́. A ti fi aṣọ funfun wé e, ó wà lókè àjà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé. Bí o bá pè tí ó ń dún, mọ̀ pé a ń wá omi. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a ra òmíràn tí a ó máa fi ṣòfófó, kí o sì fi ti páànù kún un, òrùlé ń jò.

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ mi níwájú àwọn tí kì í ṣe tiwa, tí wọ́n sì dìde fún un, kí ìwọ náà dàgbà, kí o gbọ́ ti ọmọ Ìlhàm. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Mọ́rìlíátù