Má Wọ Kóòtù Tí Mo Rán Sí Ọ Dé Ibi Iṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ara wa le nílé díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbà á ládùúrà pé lórí àga iṣẹ́ rẹ ni lẹ́tà yìí á ti bá ọ, kì í ṣe ní àtìmọ́lé. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àbúrò rẹ yege nínú ìdánwò, ewúrẹ́ mi sì bí méjì. Mi ò ní fa ìyẹn gùn, torí àyà mi ń já. Bí awakọ̀ bá ti gbé kóòtù tí mo rán fún ọ dé, jọ̀ọ́, má wọ̀ ọ́ dé ibi iṣẹ́ o. Ǹ bá pè ọ́, àmọ́ wọ́n ní ọ̀tá lè máa gbọ́ wa lórí fóònù.

Ṣebí ìwọ lo sọ pé yàrá tí o ti ń bá àwọn sọ́jà ṣiṣẹ́ tutù bí omi àmù, pé kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò bá ti ìta da nǹkan kan pọ̀, wáyà kankan ò so ó mọ́ ibòmíràn, àti pé ẹnu ọ̀nà lẹ ń fi fóònù yín sílẹ̀ sí. Àánú kọ̀ǹpútà náà ṣe mí, mo rò pé àìsàn tó ń ràn ló ń ṣe é tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀. Àánú tìrẹ wá ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá rán kóòtù tó nípọn, ìyá rẹ sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó gbàdúrà fún ọ, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú fúláàṣì kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ. Abẹ́ kọ́là lápá òsì ni mo rán an sí, kí o lè tì í bọ inú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ ohùn èèyàn. Mo rán an débi pé kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè rí i, inú mi sì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, èmi òmùgọ̀.

Àná ni mo ń wọn ṣòkòtò fún sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo wá ń fi ṣe fáàrí fún un. Ó fò sókè, téèpù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ara kọ̀ǹpútà yẹn le ju tèmi lọ, àwa tí a wà níta gan-an ni aláìsàn. Ó ní torí kí ọ̀tá má baà gbọ́ àṣírí ogun ni wọ́n ṣe dá a dúró lóun nìkan, pé inú irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀ lọ̀tá ń bá wọlé, ẹni tó bá sì mú un wọlé á ṣẹ̀wọ̀n. Mo bi í pé tí a bá fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ ńkọ́, ó ní kí n yáa lọ kọ̀wé sí ọ. Ìyá rẹ ní ọ̀tá rẹ lòun kúkú ń ṣẹ́ èpè fún jù nínú àdúrà yẹn, pé bí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọ́n á ti kú. Kò tù mí nínú. Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ ara mi ni mo fi rán ọ̀tá mọ́ ọ lọ́rùn.

Jọ̀ọ́, tú kọ́là kóòtù náà níbi tí o ń gbé, kí o yọ fúláàṣì náà. Má fi sísọ́ọ̀sì gé e, aṣọ náà wọ́n. Àmọ́ bí o bá ti wọ̀ ọ́ wọlé, má sá, má sì purọ́. Fún ọ̀gá rẹ ní fúláàṣì náà kí wọ́n tó bèèrè, kí o ní bàbá rẹ ni. Kí wọ́n wo bí a ṣe rán an, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ àgbà télọ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ tí kò lè rán bọ́tìnnì.

Mo ti di ẹrù mi, aṣọ méjì àti gíláàsì ojú mi. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi wọ mọ́tò, kí n wá ṣẹ̀wọ̀n náà fúnra mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o jẹ̀bi ohun tí ọwọ́ rẹ ò ṣe.

Èmi ni, bàbá rẹ tó rán an.