Amọ̀ Tí O Fi Ránṣẹ́ Láti Fọ Ọkọ̀

Ayọ̀túndé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ìyàwó rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé oòrùn Àbújá kò mú jù? Bí ìkòkò rere ṣe ń gba inú iná kọjá láìfọ́, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe gba inú wàhálà ìlú ńlá kọjá. Àwa náà wà ní Èsìẹ́ níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, iṣu sì ta dáadáa lóko. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, nítorí Ìyá Ọládiípọ̀.

O mọ̀ ọ́n, aládùúgbò wa tí a jọ ń mọ ìkòkò láti ìgbà tí a ti jẹ́ ìyàwó. Ìgbà tí o ra ọkọ̀ fún wa, kò pẹ́ rárá tí ọmọ tirẹ̀ náà fi ra dúdú kan fún un láti Ìlọrin, ó tún gba dírẹ́bà tì í, Hàmídù ará Òmùpo. Ọkọ̀ náà ń dán débi pé àkùkọ mi fi ilé sílẹ̀, ó lọ ń bá òjìji ara rẹ̀ jà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi kì í jowú, o mọ̀ mí, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ àárọ̀ mi kì í dà mọ́. Tiwa tó funfun ti di alámì tótòtó: oje igi máńgòrò tí bàbá rẹ ń gbé e sí lábẹ́ rẹ̀ ti gan mọ́ ọn lórí, ìgbẹ́ ẹyẹ ti jẹ wọ ara rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sójú títì Òmù-Àrán sì ti ta sí i nísàlẹ̀. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Àfi bí Tèmítọ́pẹ́ àbúrò rẹ, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣe dúró lójú bàbá rẹ̀ tó ní ọkọ̀ Ìyá Ọládiípọ̀ ni òun fẹ́ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí mo bí. Mo sunkún sínú amọ̀ tí mo ń pò lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù, tí o sì fi amọ̀ ìfọkọ̀ ránṣẹ́, èyí tí o ní àwọn òyìnbó fi ń yọ ìdọ̀tí tó bá gan mọ́ ọkọ̀ lára.

Nígbà tí mo tú ẹrù rẹ, mo jókòó. Amọ̀ ni wọ́n ń fi mọ́tò gbé wá fún amọ̀kòkò láti Àbújá? Mo wo fídíò tí o ní kí n wò. Mo kí òyìnbó inú rẹ̀ kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń fi amọ̀ ra ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. O ní kí n da omi ọṣẹ sí i kó máa yọ̀, kí n má tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka tẹ amọ̀ náà wò, kò sí àpáàdì kankan nínú rẹ̀. Ìyá mi kọ́ mi pé amọ̀ tí a kò bá gún àpáàdì mọ́ kò lágbára. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Mo jù ú sórí àjà, mo bu amọ̀ tèmi tó ti gba àpáàdì dáadáa.

Bí mo ṣe fọwọ́ bà á, ọkọ̀ figbe ta, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ire rẹ̀ ni mo ń wá. Mo fi gbogbo agbára mi ha á. Oje lọ, ọ̀dà lọ, funfun náà sì bá wọn lọ. Nígbà tí omi gbẹ, àfi bíi pé ológbò ló gun àwọn ilẹ̀kùn. Ni bàbá rẹ bá mú amọ̀ tìrẹ lórí àjà, wọ́n ṣe bíi ti òyìnbó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dán. Ìyá Ọládiípọ̀ kí wa wọlé, ó fọwọ́ pa á, ó ní kí n bun òun nínú amọ̀ náà. Mo ní ó ti tán. Inú gèlè mi ló wà.

Tèmítọ́pẹ́ dé, ó rí ilẹ̀kùn. Mo ní kó máa bá èyí tó ń dán lọ, kó kúkú di ọmọ Ìyá Ọládiípọ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun kò wo dídán rárá. Ó ní tó bá jẹ́ tiwa ni, bàbá òun ni yóò wà á, ẹ̀yìn orí wọn nìkan ni òun yóò máa wò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Hàmídù ló ń wa tìyẹn, èmi á wà lọ́tùn-ún òun, bàbá òun á wà lósì, kí òun di ọwọ́ àwa méjèèjì mú kúrò nílé.

Ọmọ mi, mo fi etí ìró mi nu omijé rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àga ọkọ̀ Ìyá Ọládiípọ̀ kọ́ ni yóò ti di ọwọ́ mi mú. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti kíkun ọkọ̀ o, owó dírẹ́bà ọjọ́ kan ni. Mo ti bá Hàmídù sọ ọ́, ó ti gbà láti wa tiwa. Ọlọ́run yóò bù sí àpò rẹ, ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú wa kò ní rọ, àwọn ọmọ rẹ yóò jókòó tì ọ́ lọ́tùn-ún lósì.

Ní ti Ìyá Ọládiípọ̀, ó lè fẹsẹ̀ rìn. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà.

Èmi ìyá rẹ,
Mary