Màmá Dọ́gba, Aránṣọ Tí Kò Yọ Orúkọ Rẹ̀ Kúrò

Ọdún 1946 ni a bí Màmá wa, àkọ́bí gbẹ́nàgbẹ́nà àti olùkọ́ ilé-ìwé, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. A gbọ́ pé wọn kò ké. Wọ́n kọ́kọ́ wo gbogbo èèyàn lójú ná, wọ́n wá ké di ọjọ́ kejì.

Wọ́n jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1959, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Bí apá ẹ̀wù kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, Màmá yóò tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìyẹn làwọn oníbàárà fi sọ wọ́n ní Màmá Dọ́gba.

Ní 1968, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń tún agogo ṣe, tó sì ń pẹ́ dé ibi gbogbo. Ogójì ọdún ni Màmá fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ohùn wọn kò dára rárá.

Ní 1987, nítorí omi gọ́tà tó ń ya wọ yàrá àwọn èèyàn, Màmá díje fún ipò káńsẹ́lọ̀, obìnrin kan ṣoṣo láàrin ọkùnrin mẹ́fà. Bàbá bẹ̀ wọ́n: “Ìyá àwọn ọmọ, fi ìbò sílẹ̀ fún wọn, ọmọ la fẹ́ tọ́.” Màmá ní: “Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ ọ̀hún náà ló ń sùn nínú omi ni?”

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò, jàǹdùkú mẹ́ta já wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé Màmá ti yọ orúkọ ara wọn kúrò nínú ìdíje, wọ́n ní kí Màmá fọwọ́ sí i. Màmá kọ̀. Wọ́n fa Màmá nírun, wọ́n pè wọ́n ní aṣẹ́wó lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, èyí tó ga jù sì fi irin lu ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn títí egungun fi dá. Ó wá na bírò sí wọn: “Ó yá, fọwọ́ sí i!”

Màmá wo ọwọ́, wọ́n wo bírò. “Èwo ni n ó fi sí i, ọmọ mi? Èyí tí o dá yìí?”

Ni èyí kúkúrú bá kọjú sí èyí gíga: “Ìwọ náà! Ṣé ọwọ́ òsì ò sí níbẹ̀ tí o lè dá ni?”

Àwọn jàǹdùkú náà bá fọwọ́ sí i fúnra wọn, wọ́n sì gbé e lọ. Akọ̀wé ìdìbò fi í wé ìfọwọ́sí Màmá tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ó sì dá a padà. Orúkọ Màmá dúró digbí, wọ́n dìbò, Màmá sì fìdí rẹmi.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì gé aṣọ. Láàrin ìgbà náà, àwa ọmọ wọn ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn-kúkúrú lọ sílé-ìwé. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ̀rọ̀?

Ní 1991, Màmá tún gba fọ́ọ̀mù. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ló gbé tábìlì ìpolongo, àní wọ́n tètè dé. Màmá wọlé, gọ́tà sì di títúnṣe.

Kò sí ilé ẹjọ́ tó pe àwọn jàǹdùkú mẹ́ta náà rí. Bí òjò bá ti ṣú, ọwọ́ ọ̀hún a máa ro Màmá, títí wọ́n fi dákẹ́ lóṣù tó kọjá, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi bàbá wa, ọmọbìnrin mẹ́ta, ọmọkùnrin kan àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sáyé. Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin ń díje fún ipò kan náà lọ́dún yìí. Ẹ̀yin bàbá, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́fà ọjọ́sí, tí ẹ rán àwọn jàǹdùkú sí Màmá, a gbọ́ pé ẹ ti wà láàrin wa láti bá wa kẹ́dùn. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ bọ́ síwájú, àyè wà. Orúkọ ọmọ náà kò ní kúrò.

Màmá Dọ́gba, ẹ sùn, ẹ sinmi. Kí ọwọ́ má ro yín mọ́ o.