Ìyàwó Tí A Fọ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Nínú Fóònù

Idriss, obìnrin yẹn ló tún gbé fóònù rẹ lánàá o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dá mi lóhùn, kò sì gbé fóònù fún ọ. Kí ni mo fi ṣe é? Kí ni bàbá rẹ fi ṣe é kó tó kú? O kú àìrí o, o kú ilé, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ilé san ọ́, ṣùgbọ́n n ò lè máa kí ọ lọ títí kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí ìbọn ti dún ní Bouaké, tí àwọn ológun gbàlú, tí pọ́sítì tì, tí báńkì tì. Àtìgbà náà la ò ti gbóhùn rẹ. A wá ń gbọ́ pé ní Àbíjàn tóo wà, wọ́n ń torí orúkọ mùsùlùmí já èèyàn sílẹ̀ nínú gbákà, bọ́ọ̀sì wọn. Bàbá rẹ ní orúkọ tí òun pe ààfáà sí, tí òun pàgbò lé lórí, ṣé òun ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ òun? Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni àìsàn ti mú un.

Fadila, ọmọ ilé kejì tó ní kabín ní àdúgbò Nimbo níbí, tó ń fi pọ́tábù bá èèyàn pe èèyàn, ló bá wa tẹ nọ́ńbà rẹ. Obìnrin kan gbé e. Faransé ló ń sọ. Fadila ní ó ní ẹni tí à ń pè ò sí nítòsí, ká jọ̀wọ́ ká padà pè. Mo ní háà, Idriss ti gbéyàwó, kò sọ fún wa! Mo bú u lọ́jọ́ náà. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Júlà, mo ní ọmọ tí kò mọ ìyá ọkọ. Kò bú mi padà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló tún fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá rẹ gbọ́ ọ láti orí ẹní, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Sèfíyátù, ọmọ táa kọ́ nìyẹn, ṣé bóo ṣe dákẹ́ nìyẹn nígbà tí ìyá mi ń bú ọ?

Nígbà tí kò lè dìde mọ́, ó ní òun ò ní kú láìgba ìyàwó ọmọ òun wọlé. Ìwọ náà sì mọ̀ pé láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ìyàwó kì í wọlé wa láìfọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fadila tẹ nọ́ńbà rẹ. Bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, mo gbé fóònù lé ẹnu ọ̀nà, mo bu omi tútù, mo ń dà á síwájú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ni Fadila bá figbe ta, ó ní Màmá, pọ́tábù mi! Ó já a gbà, ó ń fi ìborùn nù ún. Ṣùgbọ́n omi ti kàn án. Bàbá rẹ ní ó tó, ó ti wọlé. Ó ní ká gbé e síbi ẹsẹ̀ òun, níbi tí ìyàwó máa ń kúnlẹ̀ sí, ó sọ ọ́ ní Àtọ́kẹ́, ó ṣàdúà fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní Àtọ́kẹ́, bá mi di ọwọ́ ọmọ mi mú. Ìyẹn la gbọ́ gbẹ̀yìn tó yé wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kírun sí i lára.

Ogójì ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ibi tó yẹ kóo jókòó síwájú àwọn ààfáà, Jàfárù onímọ́tò ló bá ọ jókòó síbẹ̀. Òun náà ló ń mú ìwé yìí bọ̀, nínú mọ́tò àlùbọ́sà tó ń kó gba kọrídọ̀, ibi tí àwọn ológun ti ń dá mọ́tò dúró, kọjá.

Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Orí ẹní bàbá rẹ ni mò ń sùn báyìí, ibẹ̀ ni mo ti lá àlá rẹ. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bu omi wá, mo wá ẹsẹ̀ rẹ tì. Ààfáà ní kí n ṣe sàárà. Mo ti ṣe é.

Lánàá, lẹ́yìn ìpè kẹta, Fadila ní Màmá, kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dáhùn fún gbogbo ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ìwọ gan-an ni ẹ̀rọ! Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń bẹ èèyàn pé ẹ jọ̀wọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, a jẹ́ pé kò sẹ́ni kankan lọ́dọ̀ rẹ, a jẹ́ pé inú irin ni bàbá rẹ da àdúà ìkẹyìn sí. N ò gbà.

N ò béèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Bóo bá fi nǹkan rán Jàfárù, n ò ní dá a padà, òrùlé ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé. Ọlọ́hun á bo ojú àwọn tó ń wá ọ. Ibi tí ọwọ́ ìkà ò dé ni yóò máa fi ọ́ sí.

Àtọ́kẹ́, bó bá jẹ́ ìwọ ni Jàfárù bá nílé, tó fún ní ìwé yìí, foríjì mí lórí èébú yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti fọ ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ ilé wa ni ọ́, o ò lè fi Faransé kan náà dá mi lóhùn mọ́. Má sọ pé kò sí nítòsí. Má sọ pé kí n padà pè. Ọmọ mi dà?