Ohùn Bàbá Nínú Àwo Sídíì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dárí jì mí pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Kò yẹ kí ọmọ máa yọ ẹni tó ń sinmi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Wọ́n ti gbà mí sí yunifásítì, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, ńṣe ni mo máa ń wolẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa ní Iléṣà, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí.

Ṣé ẹ rántí pé Bọ̀ọ̀dá gba ohùn yín sílẹ̀ nígbà àìsàn yín? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo ló bá a kó gbogbo rẹ̀ sórí àwo sídíì. Bọ̀ọ̀dá ní a kì í kọ orúkọ àgbà lásán, ló bá fi "Bàbá wa ọ̀wọ́n" bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun tó wà ní ọ́fíìsì náà ń ka orúkọ náà tán. Èyí tí a yá fún ìrántí ọdún kan yín ti gbó, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló lè kà nínú orúkọ. Orúkọ méjì ni àwo máa ń ní fún fáìlì kan, gígùn àti kúkúrú. Ibì kan náà lórí àwo ni méjèèjì tọ́ka sí, èyí tí ẹ̀rọ bá mọ̀ ló sì ń fi hàn. Ọ̀wọ̀ Bọ̀ọ̀dá ti gba gbogbo àyè. BABAWA01, BABAWA02, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ, nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àdúrà yín ni wọ́n ní kí n ṣí. Gbogbo ẹbí ń wò mí, àfi Màámi tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ èyí tó jẹ́. Mo ṣí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin la gbọ́, tí ẹ ń mí gúlegúle, tí ẹ ń tọrọ omi. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bọ̀ọ̀dá: "Ẹ gbàdúrà fún wa tán ná, Bàbá. Omi ò níí sá lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kí ẹ tó bu omi fún un!

Bọ̀ọ̀dá fò dìde. "Ọ̀jọ̀gbọ́n! O ò mọ̀wé kà ni? Pa á!"

Mo pa á. Màámi ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń fi ìró nuwọ́. "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rọ ló ń yọ wá lẹ́nu, Màámi," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Mo dìde fún un nídìí kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ wá àdúrà náà rí, gbogbo wa sì kúnlẹ̀. Mo ṣe àmín sí ohun tí wọ́n fi òǹgbẹ gbà lẹ́nu yín. Láti ọjọ́ náà, bí Bọ̀ọ̀dá bá ti pè yín ní "Bàbá wa ọ̀wọ́n", ńṣe ni mo máa ń kúrò níbẹ̀.

Ṣé wọ́n padà fún yín lómi, Bàbá? Ta ni mo lè bi?

Bọ̀ọ̀dá ní kí n pa fáìlì omi yẹn rẹ́. Ohun tó wà lórí àwo yẹn kò ṣeé pa rẹ́. Ṣé kí n fọ́ ọ, kí àdúrà yín bá a lọ?

Màámi ní ẹ máa ń wá bá àwọn lójú àlá. Wọ́n gbà pé Bọ̀ọ̀dá tọ́jú yín dáadáa, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún wá, ẹ má sọ fún wọn.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tó fẹ́ràn yín.