Mo Sọ Gbogbo Àbùkù Rẹ fún Obìnrin Olówó Náà

Oko Skogen,
Òkè Nordby, Wisconsin.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹta.

Britta ọmọ mi,

Báwo ni ìlú, báwo ni òkun, báwo ni kùrukùru tí ẹ fi ń bojú níbẹ̀ láàárọ̀? Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ ní èyí kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí náà mo ti bi ọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Olúwa tó mú wa la òtútù ọdún yìí já, tí kò jẹ́ kí omi dì sínú páìpù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó máa pa ìwọ náà mọ́ lójú pópó tó ga bí òrùlé tí ò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Àmín.

Ilé dára. Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ sì ti gba gbogbo ọgbà, bàtà òsì mi ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù. Dolores, màlúù wa, ti bímọ, abo ni, ó sì ti ń fi orí kan gbogbo èèyàn. Páì ìyá rẹ ló gba ipò kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni pé àràárọ̀ nìkan ló ń sọ ọ́. Lyle Prochaska, aládùúgbò wa, ṣì ń mu kọfí ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran, ojoojúmọ́ ló sì ń bi mí pé Delbert, ọmọ ẹ ṣì ń ta afẹ́fẹ́ fún wọn ní California? Mo máa ń dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ tó ń tà wọ́n ju wàrà tèmi tìẹ lọ.

Àwòrán ibi iṣẹ́ yín tí o fi ránṣẹ́ dé, a sì wò ó dáadáa. Mo rí tábìlì gígùn kan, mo rí ìwọ àti àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì rí ajá kan tó sùn sábẹ́ tábìlì. Ìyá rẹ ní kò sẹ́ni tó ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó síbi tó wù ú. Èmi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ajá yẹn, ẹran wo ló ń dà? Bí kò bá sí ẹran tó ń dà, ẹ má jẹ́ kó máa jẹun ọ̀fẹ́, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ò tíì jèrè kankan.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé kálàmù rèé. Nígbà tí o pe ìyá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí ohùn rẹ máa ń jáde lára fóònù yẹn bí ẹni ń polówó ọjà. O ní owó tó kù nílé iṣẹ́ yín kò ní kọjá Àjíǹde. O ní gbogbo àwọn olówó tí o lọ bá, kò sẹ́ni tó sọ pé rárá nínú wọn, gbogbo wọn ń sọ pé iṣẹ́ rẹ wú àwọn lórí gan-an, kó o padà wá nígbà mìíràn. Èmi mọ irú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí màlúù tí wọn ò ní rà nìyẹn, wọ́n á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n á ní ojú ẹ̀ dára. O ní ó ku obìnrin kan ṣoṣo, Devika Menon, tó máa ń fowó sí iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì hu eyín, bí òun náà ò bá sì dáwọ́ lé e, wàá ti ilẹ̀kùn, wàá dá àwọn mẹ́ta yẹn sílẹ̀, wàá sì kó ẹrù rẹ wálé. O sunkún. O rò pé ìyá rẹ ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀.

Tóò. Obìnrin náà pè mí.

Àná ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wàrà àárọ̀ tán ni fóònù tí o rà fún wa dún, mo gbé e sétí. Obìnrin kan kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó lóun ni Devika Menon, òun gbọ́ pé màlúù tèmi ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀gbà ọrùn tí ọmọ mi ṣe, èyí tó ń gbọ́ bí màlúù ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ tó sì ń sọ fúnni bí àìsàn bá ń bọ̀, òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní báwọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí àwọn tó fowó sílẹ̀, àwọn á kọ́kọ́ wádìí lẹ́nu ẹni tó ń lo ọjà. Mo ní kó wádìí. A ti sọ̀rọ̀ lọ jìnnà kí ìyá rẹ tó wọlé, tó pariwo pé Delbert, fídíò ni! Àṣé inú etí mi ni obìnrin yẹn ti ń wò láti ìgbà yẹn, kò sì sọ nǹkan kan. Ilé rere ló ti jáde. Ìyá rẹ gba fóònù, ó gbé e ti ìgò ṣúgà, ìgbà náà ló tó rí ojú mi, inú mi sì dùn pé mo ti wẹ etí lọ́jọ́ Àìkú.

Mo bi òun náà nípa iṣẹ́ tirẹ̀, kó má di pé òun nìkan ló ń béèrè. Ó ní nínú ilé iṣẹ́ mẹ́wàá tí òun bá fowó sí, méje á kú, méjì á máa rá pálá, ẹyọ kan ni yóò dàgbà tí yóò sì san ti gbogbo wọn padà. Britta, àánú ẹ̀ ṣe mí. Méje nínú mẹ́wàá! Mo sọ fún un pé bí ọmọ màlúù méje bá ń kú nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ èèyàn, kì í ṣe kádàrá, kó yẹ omi wò, kó sì rí i pé koríko tí wọ́n ń sùn lé gbẹ. Ó ní òun máa yẹ omi wò. Mo ti pe pásítọ̀ pé kó fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà ọjọ́ Àìkú, òun àti àwọn méje rẹ̀ tó ti lọ. Lyle ní ẹni tó ń ra ẹran nígbà tó ṣì wà nínú ikùn ìyá ẹ̀ kì í ṣe ẹni à ń káàánú, torí òun náà ra oyún màlúù rí, akọ ló já sí.

Ìgbà tó yá, ó béèrè pé ẹ̀gbà ọrùn yẹn ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kò burú. Ó ní ṣé kò kàn burú lásán ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò burú. Ìyá rẹ ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé lórí òkè wa níbí, ẹni tó bá ní nǹkan òun dára kò láfiwé, àléébù kan ló ń bò. Bàbá mi ta màlúù títí ó fi darúgbó, ọ̀rọ̀ tó dùn jù tó sọ nípa màlúù rí ni pé kò burú, àwọn èèyàn sì jà du màlúù náà. Mo sọ fún un pé nígbà tí Dolores bímọ, ẹ̀gbà náà ní ara rẹ̀ ò yá, bẹ́ẹ̀ Dolores ń jẹun lójú mi bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Dókítà ẹran dé, ó ní ikùn rẹ̀ ti ń lọ́, pé bí a bá dúró dọ̀la, òkú là bá máa gbé. Mo ní ìdí tí mo fi sọ pé kò burú nìyẹn.

Ó wá bi mí pé ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, irú èèyàn wo ni ọ́.

Ọmọ mi, o mọ òfin ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹran, kó tó gbowó, kó sọ gbogbo àbùkù ẹran náà fún ẹni tó fẹ́ rà á. Bó bá máa ń tapá, sọ. Bí ọmú kan bá gbẹ, sọ. Ẹni tó bá rà á délé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i fúnra rẹ̀ kò ní yà sí ọgbà rẹ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì ní kí àwọn ọmọ rẹ. Nítorí náà mo wúkọ́ díẹ̀, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní olóríkunkun ni ọ́. Mo ní ìgbà tí o ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, dókítà ẹran ní ká pa màlúù kan, o na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, o bá àgbàlagbà jiyàn títí ó fi bínú lọ. Ó ní màlúù náà ńkọ́. Mo ní ó yè, ó tiẹ̀ bímọ lẹ́yìn ìyẹn léraléra, ṣùgbọ́n ìwà yẹn ò dára. Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́wọ́ lé ọ lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, o tú ẹ̀rọ tó ń fún wàrà palẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, o tò ó padà, nọ́ọ̀tì méjì sì ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ó ní ṣé ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ tiẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì méjì ni nọ́ọ̀tì méjì. Mo ní o ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, pé níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ẹran lágbègbè wa, o sọ fún Lyle lójú gbogbo ayé pé màlúù rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn kìíní ń ṣàìsàn, Lyle ò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí àgbàdo fi gbó. Ó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Mo sọ ìyẹn náà, torí mi ò fẹ́ parọ́.

Mo wá sọ èyí tó burú jù. Mo ní o ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jáwọ́. Ẹ̀gbà àkọ́kọ́ tí o kó wá, àwọn màlúù jẹ ẹ́ kúrò lọ́rùn ara wọn. O lọ ṣe òmíràn, wọ́n fara họ òpó títí ó fi já. O wá lọ sùn sínú koríko láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ò ń wo bí wọ́n ṣe ń họ ara, kò sẹ́ni tó lè jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O tún lọ, o tún bọ̀. Mo ní ojú tì mí fún ọ. Mo ní ẹlòmíràn ì bá ti gbà pé màlúù ò fẹ́. Obìnrin náà ń kọ̀wé kíákíá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò ó pé ẹ̀rín àánú ni. Ìyá rẹ ti dìde ní tirẹ̀, ó ń fi ìkòkò lu ìkòkò. Ó ní ẹyin lohùn, mo ti já a sílẹ̀. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n èmi, mo já ìlẹ̀kẹ̀ lára ọmọ tèmi.

Ó ku ìbéèrè kan. Obìnrin náà ní, Bàbá Britta, bí mo bá sọ pé rárá, kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Britta, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń gbàdúrà kó o padà wálé. Orúnkún ń dùn mí, ọwọ́ mi ò ká iṣẹ́ àárọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́lòmíràn tí mo fẹ́ fa ilẹ̀ yìí lé lọ́wọ́. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Kí n ṣáà ti ní á wálé, á jókòó ti ìyá rẹ̀, á gbàgbé gbogbo ẹ̀, obìnrin yẹn á pa ìwé rẹ̀ dé, wàá sì ti wà nílé kí àgbàdo tó wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ó dùn lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mo ní, ìyáàfin, á wálé, á sùn bí òkú, á jẹ gbogbo ohun tó wà nínú fìríìjì, tó bá jí tán á kó irinṣẹ́ mi jáde, á lé katakata mi kúrò nínú ilé rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe òun nìkan. Ẹ fún un lówó o, ẹ má fún un o, ẹ̀gbà yẹn á wà lọ́rùn màlúù. Owó yín kàn máa mú un yá ni.

Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo ẹni tí òun ń pè ló ń bá òun pọ́n èèyàn wọn bí ẹni pọ́n ìyàwó, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fẹ́ gbọ́. Ó ní òun ti fọwọ́ sí i. Ó ní òun fúnra òun ló máa pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ọ ṣáájú. Mo ṣèlérí, o sì mọ̀ pé n kì í yẹ àdéhùn. Gene tó ń pín lẹ́tà ní èyí tí mo bá fi síta lónìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa dé San Francisco, ìgbà yẹn obìnrin náà á ti sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣèèṣì yára lọ́sẹ̀ yìí tí lẹ́tà yìí tètè dé, jọ̀ọ́, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, má kà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Obìnrin yẹn bi mí pé èló ni mò ń san lórí àwọn ẹ̀gbà náà, ojú tì mí, torí mi ò san kọ́bọ̀ rí. Ilé iṣẹ́ tí bàbá olóko ń jẹ ọjà ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ò lè pẹ́. Mo fẹ́ rà á fún gbogbo agbo, kí n sanwó bí ọkùnrin, kó o lè fọwọ́ sọ̀yà pé o ní oníbàárà. Àmọ́ owó wàrà oṣù yìí ti tán sórí oúnjẹ ẹran, nítorí náà jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n fi rà á lọ́wọ́ rẹ. Sọ ọ́ di méjì, torí Lyle ń fẹ́ fún màlúù tirẹ̀, ojú ló ń tì í. Inú àpòòwé ni kó o fi sí o. Ọmọbìnrin tó wà ní báńkì ní kí n máa fi fóònù ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì, owó á sì wọlé. Mo ya àwòrán rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Báwo ni owó kan ṣoṣo ṣe máa wà níbi méjì? Mo lọ fi ṣẹ́ẹ̀kì náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ̀rí ọkàn mi lè mọ́.

Ọlọ́run tó ń pa gbòǹgbò koríko mọ́ lábẹ́ yìnyín, kó pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Ìwọ lo máa jẹ́ ẹyọ kan yẹn, o ò ní sí lára méje. Àwọn tó ní kó o padà wá nígbà mìíràn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á padà wá, wàá sì fún wọn ní kọfí, torí a kọ́ ọ nílé. Jẹun. Sùn. Kí àwọn mẹ́ta yẹn fún wa.

Wá kí wa nígbà tí igi ápù bá yọ òdòdó. Ìyá rẹ ń fẹ́ rí ọ, èmi náà ń fẹ́ rí ọ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi, àlọ àti àbọ̀ ni kó o rà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Delbert Skogen.