Ilé Arúgbó Tí O Kọ Ojú Ẹ̀ Sí Ògiri

Àbúrò mi ayàwòrán-ilé,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ara ọkọ mi ti yá. Orúnkún tèmi ló kù tó ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù. Màmá ní kí n bá àwọn kí ọ.

Ilé arúgbó tí o yàwòrán ẹ̀, tí Màmá ń gbé, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ta lo bi léèrè kí o tó yà á? O kọ ojú gbogbo yàrá sí ògiri ẹ̀yìn, o ní kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́. Ariwo wo? Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí Màmá àtàwọn ẹgbẹ́ wọn á ti máa wọ́ àga lọ sí ẹnu géètì, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí o fi ṣe ẹwà. Mo ní kí wọ́n jókòó sí yàrá, wọ́n ní, "Ṣé mo ti kú ni, tí màá máa wo ògiri?"

Ìwé lo mọ̀, o ò mọ ìyá ẹ. Jọ̀ọ́, ránṣẹ́ sáwọn bíríkìlà kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn síwájú, kí wọ́n wó àtẹ̀gùn yẹn.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Ẹni tó máa yàwòrán ilé tìẹ á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè.

Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin.